Aláfẹ́ Onímọ́tò: Ipò Àwọn Bàbá Àgbà Nínú Ìtàn Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ohun tí òwe yìí ń fi yé ni ni pé eré ní àsìkò tirẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ẹgbẹ́ eré a tú ká, olúkúlùkù a sì gba ìdí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún ogún tí eré ìgbà èwe wọn kò tú ká títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀. Ní kékeré, agolo sadíìnì àti ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń ṣe mọ́tò, wọn a so okùn mọ́ ọn, wọn a sì máa wọ́ ọ káàkiri agbo ilé. Nígbà tí wọ́n di ọ̀dọ́, wọ́n sá tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n fi owó èésú ra ọkọ̀ tiwọn. Nígbà tí ogbó sì dé, wọ́n a jókòó sí iwájú ilé, wọn a máa fi etí lásán dá irú ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ mọ̀ kí ó tó yọ sí wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń pè wọ́n ní aláfẹ́. Orúkọ náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó wọn.

Kò tó, nítorí pé bí a bá fi ojú àfẹ́ nìkan wo irú bàbá àgbà bẹ́ẹ̀, a ó gbàgbé pé òun gan-an ni ìwé ìtàn tí ó ń rìn láàrin wa. Àwọn òpìtàn a máa ka iye kòkó tí ọkọ̀ gbé, iye ọ̀nà tí ìjọba là, àti iye owó tí ó wọlé. Ìwọ̀nyí dára, wọ́n sì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni ó sọ mọ́tò di ti Yorùbá. Ìfẹ́ ni, ẹ̀fẹ̀ ni, eré ni, àti ìgboyà àwọn tí wọn kò bẹ̀rù láti fi ọwọ́ kan ohun àjèjì tí ń kùn hùnhùn. Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni ọ̀nà tí ìfẹ́ náà gbà wọ inú iṣẹ́, èdè àti ìgbé-ayé ìlú, láti ìgbà tí mọ́tò kọ́kọ́ dé títí dé ọjọ́ tí ó sọ àwọn abúlé Àwórì bí Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ní Alímọ̀ṣọ́ di ìlú ńlá.

Bí Mọ́tò Ṣe Dé

Ní ọdún 1886 ni Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ rẹ̀ tí ń fi ẹ́ńjìnnì rìn ní ilẹ̀ Jámánì. Ní àkókò náà, bí Yorùbá bá pe ọkọ̀, ohun tí ń rìn lórí omi ni ó wà lọ́kàn wọn. Lórí ilẹ̀, orí ènìyàn ni ó ń gbé ẹrù. Alááàrù ni ó ń ru epo, èkùrọ́ àti aṣọ láti ìlú dé ìlú, ọlọ́lá a sì máa gun ẹṣin. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Abẹ́òkúta ní 1899, tí wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀, kúrò lórí omi, ó gun òkè wá sórí ilẹ̀. Ọdún 1901 yìí kan náà ni wọ́n parí afárá Carter tí ó so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó, nígbà tí ó sì di 1902, ọkọ̀ kékeré tí ń lo ooru omi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí irin láàrin ìgboro Èkó.

Ọ̀nà mọ́tò ni ó kàn. Ní ọdún 1906 ni ìjọba amúnisìn là ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí a kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó ju 50 kìlómítà lọ. Ìdí tí wọ́n fi là á kò ju pé kí ẹrù lè dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Nínú èrò àwọn òyìnbó, ìránṣẹ́ ni mọ́tò yóò jẹ́ fún ọkọ̀ ojú irin. Yóò kó ẹrù wá fún un láti inú oko, yóò sì padà. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ náà kò pẹ́ di ọ̀gá. Irin kò lè yà sí ẹnu ọ̀nà oko ẹnikẹ́ni. Mọ́tò lè yà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918, ọkọ̀ Ford Model T, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe láti 1908 sí 1927, tí iye rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 15 lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò ga jù, ọ̀nà eléruku tí òjò ti wọ́ kò sì dí i lọ́wọ́.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ṣe àkíyèsí orúkọ tí àwọn ènìyàn sọ ohun tuntun yìí. Wọ́n yá ọ̀rọ̀ náà, mọ́tò, lọ́wọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n tún dá orúkọ tiwọn: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí a bá fi etí sí ariwo ọkọ̀ ayé ìgbà náà, a ó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ wà nínú orúkọ náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ń fọn fèrè tí gbogbo ìlú ń gbọ́, lóòótọ́ ni ó yọ́ kẹ́lẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, kò yọ́ kẹ́lẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó bí orúkọ náà, àwàdà ni ó sì tọ́ ọ dàgbà.

Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Fẹ́ràn Rẹ̀

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó mú mọ́tò wá. Lára àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n tètè rí i pé ayé yóò yí sí ibẹ̀ ni W. A. Dawodu ti Èkó. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ti ń bá kẹ̀kẹ́ ológere ṣiṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó mọ́tò wọlé láti òkè òkun, tí ó ń tà wọ́n, tí ó sì ń tún wọn ṣe. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń tú kẹ̀kẹ́, tí ó ń tò ó, kò rí mọ́tò bí iṣẹ́ iwin. Ó rí i bí kẹ̀kẹ́ tí ó ní ọ̀pọ̀ ìfun.

Obìnrin pàápàá kò gbẹ́yìn. Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ Richard Beale Blaize tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò àti oníwèé ìròyìn ní Èkó, ìyàwó Dókítà Ọ̀rìṣádipẹ̀ Ọbasá, ni ó dá ọkọ̀ akérò Àǹfààní sílẹ̀ ní Èkó nígbà tí ọ̀rúndún ogún ṣì wà lọ́mọdé. Orúkọ tí ó sọ iṣẹ́ náà tó ìwàásù fúnra rẹ̀: kò pè é ní ọlá, kò pè é ní ọrọ̀; àǹfààní ni ó pè é.

Ní Ìbàdàn, orúkọ tí ó gba ẹnu àwọn àgbà ni ti Sàlámì Àgbájé, oníṣòwò ńlá tí a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìlú náà, tí ó sì lo ọkọ̀ akẹ́rù láti fi gbé ọjà rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Adésọjí Adérẹ̀mí fi iṣẹ́ ojú irin sílẹ̀ ní 1921, ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ ọn. Nígbà tí ó di 1930, ó gun orí ìtẹ́ Ọọ̀ni, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1980. Ẹ wo bí ó ti rí: ọmọ iṣẹ́ ojú irin ni ó kúrò nídìí irin tí ó lọ sídìí mọ́tò. Ìyípadà tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ayé ènìyàn kan ṣoṣo.

Ìjọba kò fi ojú rere wo èyí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí owó tí ń wọlé láti ojú irin sì dínkù, wọ́n fẹ́ fi owó orí ọkọ̀ dẹ́kun àwọn onímọ́tò tí ń bá ojú irin du ẹrù. Àwọn onímọ́tò kò gbà. Lára àwọn tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé fún ẹgbẹ́ wọn ní àwọn ọdún 1930 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí òun náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òwò irè oko àti iṣẹ́ ọkọ̀, kí ó tó lọ kọ́ òfin ní ìlú òyìnbó, kí ó sì tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn òṣèlú, kò yẹ kí a fo gáréèjì. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ bí a ti ń kó ẹgbẹ́ jọ, tí a sì ń sọ fún aláṣẹ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀

Àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí ní owó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn bàbá àgbà onímọ́tò kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ìfẹ́. Ọmọ ọkọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ ni ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti fọ ọkọ̀, láti bu omi sí i, láti yí irin iwájú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi jí. Irin náà kò ní àánú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta á padà, ó lè ṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò mọ bí a ti ń dì í mú. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ kò gbé e, ọmọ ọkọ̀ ni yóò bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́, tí yóò sì fi igi náà há ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má baà yí padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi sìn kí ọ̀gá tó gbà á láyè láti di sítíárì mú, ní ojú ọ̀nà tí kò sí èrò.

Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Bí alágbẹ̀dẹ, onígbàjámọ̀ àti agbẹ́gilére ti ń kọ́ ọmọ ni àwọn onímọ́tò náà gbé kalẹ̀: ìsìn, sùúrù, ìnà, àti ọjọ́ ìgbòmìnira tí ẹbí yóò pé jọ, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́, tí wọn yóò jẹ, tí wọn yóò sì mu. Ohun tí ó dé láti òkè òkun ni irin. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ jẹ́ ti ilé. Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945) tún bù sí i, nítorí pé àwọn ọmọ ogun kan kọ́ ọkọ̀ wíwà àti títún ẹ́ńjìnnì ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ológun, wọ́n sì mú ọgbọ́n náà padà wá sílé.

Láàrin àwọn ọkọ̀ ìgbà náà, èyí tí ó gba orúkọ jù ni bọ̀lẹ́kájà. Láti òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì, táyà àti egungun irin rẹ̀ ti wá, Bedford àti Austin sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n káfíńtà ilé ni ó fi pákó kan ara rẹ̀, tí ó to àga gbọọrọ sí i. Èrò àti ẹrù a wọ̀ ọ́ pọ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ odindi gbólóhùn tí ó di ọ̀rọ̀-orúkọ: bọ́ sílẹ̀ kí a jà. Ìjà tí àwọn kọndọ́ ń bá ara wọn jà lórí èrò ni ó bí i. Àwọn ará ìlú kò fi ẹjọ́ ìjà náà sùn. Wọ́n fi í ṣe orúkọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ara pákó náà di ojú ìwé. Àwọn akunlé a máa ya òdòdó, kìnnìún àti ẹyẹ sí i, wọn a sì kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀: Ìyá ni wúrà, Sùúrù lérè, Ayé lọjà. Ọ̀rọ̀ náà a di orúkọ ọkọ̀, orúkọ ọkọ̀ a sì di orúkọ awakọ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé kí ni wọ́n sọ onítọ̀hún ní ọjọ́ kẹjọ. Sùúrù Lérè ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò rí ilé-ìwé lọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá lẹ́tà èdè Yorùbá mọ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní òwe àti àkànlò èdè kò ní ibi tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀.

Ògún, Ẹ̀fẹ̀ àti Ìwẹ̀ Ọkọ̀

Irin ni mọ́tò, Ògún ni ó sì ni irin. Èyí ni ó mú kí awakọ̀ wọ ẹgbẹ́ ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ láìsí àríyànjiyàn. Nígbà ọdún Ògún, a ó rí màrìwò lára ọkọ̀, a ó sì rí awakọ̀ tí ń pa ajá fún olùlànà. Bí ìdílé bá sì ra ọkọ̀ tuntun, ìwẹ̀ rẹ̀ di àríyá. Wọ́n a ta ọtí sí táyà, àlùfáà tàbí wòlíì a gbàdúrà, àwọn ọ̀rẹ́ a sì jókòó ti agbo. Ọ̀pọ̀ bàbá àgbà ni ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́jọ́ kan náà láìrí ohun tí ó burú níbẹ̀: ọ̀nà jìn, a kò sì mọ ẹni tí yóò gbọ́.

Níbi ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ti fi ọgbọ́n hàn jù. Nígbà tí ọkọ̀ Volkswagen kékeré ẹlẹ́yìn rogodo pọ̀ nígboro, Ìjàpá ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ yóò mọ̀ pé orúkọ náà ju ìrísí lọ: Ìjàpá kì í yára, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ a máa yọ ọ́ nínú ewu. Ọkọ̀ Mercedes tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù di Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, nítorí pé ọyẹ́ ni Yorùbá mọ̀ tí ó ń mú kí ara tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ àlòkù tí a kó wọlé láti òkè òkun gba orúkọ ọmọ ènìyàn, Tòkunbọ̀. A kò pe ọkọ̀ náà ní ògbólógbòó. A pè é ní ọmọ tí ó ti òkun dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ti ń fi èdè tu ara wọn nínú, kí ó wo èyí.

Ìtàn ọkọ̀ kò sì dúró lójú kan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì ojú ọ̀nà, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bí ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká. Àwọn tí ó ti ń wa ọkọ̀ láti ìgbà èwe wọn ní láti kọ́ ara wọn ní ọ̀tun. Ní 1975, owó Údójì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ sì fi ra ọkọ̀ tàbí alùpùpù. Ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ó dà bí ẹni pé gbogbo olùkọ́ àti akọ̀wé ni yóò ní ọkọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1986, nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà tí náírà sì rẹ̀yìn, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára wọn. Ìgbà yìí ni Tòkunbọ̀ gbòde, ìgbà yìí náà sì ni ọgbọ́n bàbá àgbà tí ó lè jí òkú ẹ́ńjìnnì dìde di ohun iyebíye.

Alímọ̀ṣọ́: Ibi Tí Ọ̀nà ti Bí Ìlú

Àwórì ni ó tẹ Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgándò, Ìdímù àti Ìpájà dó. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Àwórì sọ pé Ọlọ́fin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀lé awo kan tí ó ń léfòó lórí omi, àti pé ibi tí awo náà rì sí ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé awo rì ni ó di Àwórì. Nínú ìtàn àwọn ènìyàn yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ń rìn ti ń sọ ibi tí ilé yóò wà.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, oko ni agbègbè yìí. Nítòsí rẹ̀ ni Agége wà, níbi tí J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbin kòkó tí wọ́n sì sọ ọ́ di òwò ńlá, níbi tí obì ti gbajúmọ̀, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń dúró. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ni ó so abúlé mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, tí owó epo rọ̀bì sì gbé ènìyàn wá sí ìgboro, ilẹ̀ wọ́n ní àárín Èkó. Ìjọba Látéèfù Jákàńdè (1979–1983) kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abẹ̀sán ní Ìpájà. Awakọ̀, mẹkáníìkì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ó fẹ̀yìn tì ra ilẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìgándò, wọ́n sì kọ́ ilé wọn díẹ̀díẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ètò ìkànìyàn ka 1,277,714 ènìyàn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti 2003 ni ìpínlẹ̀ náà sì ti dá àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè sílẹ̀ lára rẹ̀, Ìkọ̀tún/Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́/Ìdímù sì wà nínú wọn.

Kì í ṣe odò, kì í ṣe ààfin ni ó fa àwọn ènìyàn wọ̀nyí wá. Ojú ọ̀nà ni. Ẹ wo orúkọ ibẹ̀. Ìyànà Ìpájà kì í ṣe orúkọ ìlú láti ayébáyé. Ibi tí a ti ń yà sí Ìpájà ni. Ẹnu kọndọ́ ni ó sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Dáńfó tí ń ké Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgándò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ń ka oríkì tuntun fún ilẹ̀ Àwórì. Nígbà tí ó sì yá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Márúwá pè, ẹni tí ó ṣe alákòóso Èkó láti 1996 sí 1999, dara pọ̀ mọ́ wọn ní àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Bí a bá béèrè ẹni tí ó kọ́ Alímọ̀ṣọ́, a ó dárúkọ baálẹ̀, a ó dárúkọ ìjọba, a ó dárúkọ onílẹ̀. Ó yẹ kí a dárúkọ awakọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò kọ́lé sí ibi tí ọkọ̀ kò dé.

Òdì Kejì Ọ̀rọ̀ Náà

Kò ní jẹ́ òtítọ́ bí a bá fi ẹ̀rín nìkan parí ìtàn yìí. Mọ́tò pa ènìyàn. Bí Ògún ti ń la ọ̀nà ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, àwọn bàbá àgbà sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ; ọ̀pọ̀ nínú wọn sin ọ̀gá, wọ́n sin ọ̀rẹ́, wọ́n sì sin ọmọ. Eré oníṣe tí Wọlé Ṣóyínká pè ní The Road, tí ó jáde ní 1965, dá lórí irú ayé yìí gan-an: awakọ̀, ọmọ ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ayédèrú, àti ikú tí ó lúgọ sí kọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ṣóyínká kan náà wà lára àwọn tí ó jà fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó sì di 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àwọn kan lè sọ nítorí èyí pé kí ni a fẹ́ fi ìrántí aláfẹ́ onímọ́tò ṣe, nígbà tí ohun tí ó fẹ́ràn ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di òrukàn. Ìdáhùn wà nínú ìwà àwọn àgbà náà fúnra wọn. Ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ ní tòótọ́ kì í sá eré àsápajúdé. A máa fi etí sí ẹ́ńjìnnì, a máa yẹ bíréèkì wò kí ó tó gbéra, kì í sì í gba ọtí láàyè kí ó gun sítíárì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó kàn fẹ́ràn owó tí ọkọ̀ ń mú wá ni ó ń fi táyà gbígbó rìn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìfẹ́ àti ojúkòkòrò ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin awakọ̀ tí ó darúgbó àti èyí tí kò darúgbó. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé òfin ojú ọ̀nà. Ẹnu àwọn tí ó darúgbó ni ó wà.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìkọ̀tún àti Ìgándò, àkísà àgbà onímọ́tò ṣì wà: egungun ọkọ̀ tí koríko ti bò mọ́lẹ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí etí rẹ̀ ti ya, àpótí spánà tí ó ti dípẹtà, àwòrán ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó fi ẹsẹ̀ kan gun iwájú lọ́rì bí ẹni tí ó gun ẹṣin. Nígbà tí bàbá bá kú, a máa pe àwọn tí ń ra irin àlòkù. Wọ́n a wọn irin, wọn a san owó, wọn a sì kó o lọ. Wọn kì í san owó ìtàn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tà á fún wọn. Ó kàn bá irin lọ ni.

Iṣẹ́ wà níbí fún olùkọ́ àti fún ẹni tí ń múra ìdánwò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó wà nítòsí rẹ̀: Ọkọ̀ wo ni ẹ kọ́kọ́ wà, ta ni ó sì kọ́ yín? Kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀? Ọ̀nà wo ni ó wà nígbà náà tí kò sí mọ́? Báwo ni ẹ ṣe ṣe lọ́jọ́ tí ìjọba ní kí a kúrò lọ́wọ́ òsì? Kí ni orúkọ tí ẹ ń pe apá ọkọ̀ yìí àti èyí? Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó sì fi àmì ohùn sí i dáadáa. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún onímọ̀ èdè, fún òpìtàn, àti fún ìdílé pàápàá.

Láti ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gba Agége kọjá láti Agbado dé Oyingbo; ohun tí mọ́tò borí ní ọ̀rúndún tí ó kọjá ti ń padà bọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tí a bí lónìí ní Ẹ̀gbẹ́dá kò ní nílò láti mọ bí a ti ń yí irin iwájú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n yóò nílò láti mọ pé àwọn kan wà ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n rí ohun àjèjì, tí wọn kò sá, tí wọn kò sì tẹríba fún un. Wọ́n tú u, wọ́n tò ó, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì fi tọ́ ọmọ. Bí àwọn ọmọ-ọmọ wọn bá tún pè wọ́n ní aláfẹ́, kí wọ́n mọ ohun tí àfẹ́ náà kọ́ fún ìlú.